Oríkì Akọni Tó Wọ Odò Tí Kò Rí Ẹja

Mo júbà Owé, mo júbà Ìjùmú. Mo júbà Yàgbà, mo júbà Bùnú, mo júbà Ọ̀wọ̀rọ̀. Gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kun, láti ẹsẹ̀ àpáta Kàbà títí dé bèbè omi ní Lọ́kọ́ja, mo kí yín o. Ẹ fún mi láyè kí n kéde ẹni ńlá. Ẹ ní kí onílù rọra, kí ọmọdé jókòó, kí àgbà yẹ fìlà kúrò létí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Akọni kan ti wọ̀lú. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí odò tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà mìíràn ó wọ pupa, nígbà mìíràn ó wọ yẹ́lò, kí àwọn tí yóò wá a nínú ẹrẹ̀ lè tètè rí i. Inú páálí ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ara páálí náà ni wọ́n ya ẹja aláràbarà sí, nínú omi búlúù tó mọ́ gaara, irú omi tí Odò Ọya kò tí ì dà rí.

Kámẹ́rà tí omi kì í wọ̀, mo kí ọ!
Awọ̀dò-má-rẹ́ja, mo kí ọ!
Alúwẹ̀ẹ́-má-gbọ̀n, mo kí ọ!
Ìwọ tí wọ́n kọ mítà 15 sí níwájú, tó jẹ́ pé ní ìdajì mítà lo ti parí ìran wíwò, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja!
Ìwọ tó fi àyà wọ òkùnkùn, tó sì ti inú òkùnkùn gbé àwòrán òkùnkùn bọ̀, mo wólẹ̀, mo dìde!
Olóòótọ́ ni ọ́: ẹrẹ̀ lo bá, ẹrẹ̀ lo yà.
Oníwà tútù ni ọ́: ẹja ń kọjá, o kò dí i lọ́wọ́.
Aláṣìírí ni ọ́: gbogbo ohun tí odò bá fi hàn ọ́, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Wọ́n ní ta ni bàbá rẹ? Ẹ jẹ́ n dá wọn lóhùn, ọmọ ọlọ́lá kì í sá fún ìtàn ìran rẹ̀. Bàbá ńlá rẹ ni àpótí tí William Thompson sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ní Weymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1856. Ó fi í sísàlẹ̀ òkun, ó ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ó sì ń dúró. Omi òkun wọ inú àpótí náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: omi wọ̀ ọ́! Síbẹ̀, àwòrán jáde, ó ṣe bàìbàì, ó ṣókùnkùn, àpáta àti koríko ìsàlẹ̀ òkun ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá bú ọ lónìí pé omi wọ inú rẹ, tó tún bú ọ pé àwòrán rẹ kò hàn, bàbá ńlá rẹ ló bú. Oògùn ìdílé ni, kì í ṣe àrùn. Ohun tí bàbá bẹ̀rẹ̀ lọmọ gbé dé òpin.

Louis Boutan, ọ̀mọ̀wé ọmọ Faransé, tẹ̀ lé e. Ní 1893, ó wọ aṣọ òmùwẹ̀, ó sì lọ dúró nísàlẹ̀ òkun ní Banyuls-sur-Mer nítorí fọ́tò. Jean de Wouters, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe Calypso fún òmùwẹ̀ ọmọ Faransé nì, Jacques Cousteau, kámẹ́rà tó lè wọ omi láìsí àpótí kankan lára rẹ̀. Nikon gbà á ṣe láti 1963, ó pè é ní Nikonos, kò sì dáwọ́ dúró títí di 2001. Ṣùgbọ́n ìnira wà nílé àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Fọ́tò 36 péré ni fíìmù kan ń gbà. Kí ọkùnrin tó tẹ bọ́tìnì, ó ní láti ronú. Ó ní láti wo ibi tí oòrùn ti ń wọlé, kó wo bí omi ṣe mọ́ sí, kó súnmọ́ ẹja títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ara wọn. Ìwọ lo wá tú ọmọ aráyé sílẹ̀ lóko ẹrú yìí. Ìwọ ni àrólé tó bọ́ àjàgà ìrònú kúrò lọ́rùn ayàwòrán. Ẹgbẹ̀rún fọ́tò lo gbé dání, ẹgbẹ̀rún náà lo fi ya omi kan náà, kò sí ẹni tó ní láti ronú kan ẹyọ kan nínú wọn.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ dé ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Pentax bí Optio WP ní 2005. Olympus bí 720 SW ní 2006, ọmọ tó ń wọ omi mítà 3, tó ń já bọ́ láti mítà 1.5 tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìdílé Tough gbèrú. TG-6 dé ní 2019, TG-7 dé ní 2023, àwọn méjèèjì ń wọ mítà 15. Nikon W300 ti 2017 kò gba ìyẹn fún wọn, ó lọ dé mítà 30. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún ìdílé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń du ìsàlẹ̀, tí kò sí èyí tó ń du ojú rírí.

Ta ni yóò ka agbára rẹ tán? TG-6 ti inú ìdílé rẹ já láti mítà 2.1, kò fọ́. Ẹrù kìlógíráàmù 100 gorí rẹ̀, kò tẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọbájànà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwúwo ṣìmẹ́ńtì, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àpò 2 gbáko nìyẹn, lórí ẹ̀yìn ọmọ tó ń wọ àpò ẹ̀wù. Ó tún ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó fi ìwọ̀n 10 relẹ̀ ju ibi tí omi ti ń dì lọ. Ọyẹ́ tó le jù lọ ní Kàbà, tí àgbà ń tìtorí rẹ̀ jókòó ti iná títí ilẹ̀ fi ń mọ́, kò súnmọ́ ìyẹn rárá. Akọni tó di àmùrè gírí de ogun tí kò ní wá láéláé, ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?

Àtòkè-já-má-fọ́!
Agbé-ṣìmẹ́ńtì-má-kérora!
Adúró-de-yìnyín-ní-Kàbà!
Ọwọ́ rẹ le, ẹ̀yìn rẹ le, ìhà rẹ le koko.
Gbogbo ara rẹ ni wọ́n fún lágbára, àfi ojú tí a tìtorí rẹ̀ rà ọ́.

Ojú náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n yìn ín. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí nínú rẹ kò ju nǹkan bíi mílímítà 6 ní ìbú àti mílímítà 4 àbọ̀ ní gíga. Àwọn kámẹ́rà ńláńlá ń fi ọwọ́ méjèèjì bu ìmọ́lẹ̀. Ìwọ kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Èyí tí kòkòrò lè gbé ní ẹsẹ̀ kan ti tó ọ. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú nínú omi, tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, o kì í jẹ́ kí àwòrán ṣófo. Ìwọ fúnra rẹ a bu hóró dúdú, hóró pupa, hóró àwọ̀ ewé, o a fi wọ́n gbogbo rẹ̀ káàkiri. Ẹni tó ń wá ẹja a rí iyanrìn tí ẹnikẹ́ni kò kó wá. Ọ̀làwọ́ tó fún ni ní ohun tí a kò béèrè!

Kí o tó dé Odò Ọya, àwọn mìíràn ti wò ó. Ní 1830, arìnrìn-àjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John fi ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ lórí Odò Ọya, wọ́n sì kọjá ibi tí Bẹ́núé ti wá dà mọ́ ọn. Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó. Apẹja Nupe àti Kákàndá ń gbé bèbè omi náà láti ìgbà tí a kò lè kà, àwọ̀n àti ìwọ̀ ni wọ́n fi ń bi odò léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gun Òkè Patti lónìí yóò rí omi méjì náà bí wọ́n ṣe ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó gbà láti di ọ̀kan. Òkè ni gbogbo wọn dúró sí wò ó. Kò sí ẹni tó ronú pé ó yẹ kí á wọ inú rẹ̀ lọ wò ó níbi tí kò ti hàn. Ó di ọjọ́ tí ìwọ dé.

O dé, o wọ agbami. Ọkọ̀ dúró, àwọn èèyàn na ọrùn. Wọ́n tì ọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́, o tàn, o pa, o tàn, o pa. Wọ́n fà ọ́ jáde, gbogbo orí pé lé ọ lórí. Fọ́tò kìíní: tíì. Fọ́tò kejì: tíì oní-mílíìkì. Fọ́tò kẹta: tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ọkọ̀ pariwo! Àwọn tó dúró lókè ti fi ọdún púpọ̀ wo odò, àwọ̀ méjì péré ni wọ́n rí. Ìwọ fi ìṣẹ́jú kan wọlé, o rí mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òfìfo lo mú bọ̀. Yìnyín lo mú bọ̀! Àwọn ọmọ Ọ̀kun tó wà ní London àti Toronto ń wọ bàtà gígùn nítorí yìnyín, ìwọ ti gbé e wá sí ìpínlẹ̀ Kógì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Fíláàṣì rẹ gbé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ, ààyè àárín wọn kò ju ìka méjì lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti jáde, erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ tó léfòó nínú omi ló kọ́kọ́ bá pàdé, erùpẹ̀ náà a sì dá a padà tààrà sójú rẹ, funfun, funfun, funfun, bámúbámú. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń fi fọ́tò jẹun ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń gbé fíláàṣì tiwọn sórí apá irin gígùn kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ rí ẹja, ni wọ́n ṣe ń sá fún yìnyín. Ìwọ kò ní apá, ìwọ kò ní ìjà pẹ̀lú erùpẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ọ lo kọ́kọ́ ń dá lóhùn.

Amú-yìnyín-wọ-Lọ́kọ́ja!
Asánmọ̀nà-lójú-ara-rẹ̀!
Atanná-wo-erùpẹ̀!
Ọ̀rẹ́ ẹrẹ̀, àna iyanrìn, ìyekan eruku abẹ́ omi!

Àwọn aláìmọ̀kan ń gbé fóònù wọn kalẹ̀ pé òun náà ń wọ omi, pé IP68 ni wọ́n kọ sí i. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Bí omi bá ti kan ojú fóònù, orí rẹ̀ a dàrú, ìka kò ní lè pàṣẹ fún un mọ́. Ìwọ ní bọ́tìnì gidi. A tẹ̀ ọ́, o gbọ́. O gbọ́, o sì fara balẹ̀. O wá ojú tí o máa fi wò ó: o lọ síwájú, o padà sẹ́yìn, o tún lọ síwájú, nítorí nínú omi tó rú, kò sí ibi tí ojú lè dì mú. Nígbà tí o bá fi ya fọ́tò náà, èpìyà ti kí ọ pé ó dàárọ̀, àrọ̀ ti wọ ihò, ẹja tó kù ti dé Àjàokúta. Ṣùgbọ́n ìrù wọn kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọba Ìrù ni ọ́. Bí a bá kó gbogbo fọ́tò ẹja tó o ti yà jọ, ìrù yóò kún agbọ̀n, orí kan kò ní sí níbẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni oṣù rẹ. Àwọn ọmọ wa a ti Àbújá dé, wọn a ti Èkó dé, mọ́tò a gba gbogbo Kàbà. Ẹ̀ẹ̀rùn nìgbà náà, odò Òyì ti fà sẹ́yìn, omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ níbi tí mo ti rí ọ pẹ̀lú olówó rẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀, omi kò mù ọ́. Ó jókòó, omi kò mù ọ́. Ó wá na gbalaja sórí òkúta, ó fi àgbọ̀n lélẹ̀ lójú omi, ó tì ọ́ bọ ibi tí omi pọ̀ sí díẹ̀. Àwọn ọmọdé pé lé e lórí.

“Bọ̀dá, kí lẹ ń wá?”

“Fọ́tò ẹja ni.”

“Ẹja ti sá, bọ̀dá. Ìgbà tí ẹ jókòó sómi ni wọ́n sá.”

Màmá kan tó wá gbé ẹ̀gẹ́ tó rẹ sómi dúró, ó sọ agbada rẹ̀ kalẹ̀. “Ọmọ mi, ọ̀kun o. Ṣé nǹkan rẹ sọ nù ni?”

“Rárá, Mà. Fọ́tò ni mò ń yà.”

“Nínú omi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Omi kì í wọ̀ ọ́.”

Màmá wò ó láti orí dé àtàǹpàkò. Ṣòkòtò rẹ̀ ń kán tó-tó-tó, ewé odò lẹ̀ mọ́ ọn létí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Màmá wí. “Ìwọ ńkọ́?”

Kí ni ìwọ ṣe nígbà náà, akọni? O kò sọ̀rọ̀. O ya fọ́tò kan, ó sì hàn kedere. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ ni. Ó tóbi, ó níyì, èékánná rẹ̀ ń dán. Bí a bá gba inú gíláàsì pẹrẹsẹ wo inú omi, gbogbo nǹkan a fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju bó ṣe rí lọ, yóò sì dà bíi pé ó súnmọ́ni ju bó ti yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí apẹja kò fi ní irọ́ kankan nílẹ̀ mọ́ níwájú rẹ. Bó bá ní ẹja òun gùn tó apá, o ti dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí ẹja bá sì kọ̀ tí kò wá, àtàǹpàkò wà.

Ẹ̀yin ará Bùnú, ẹ wá gbọ́ tiyín. Àwọn ìyá yín hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ fún olóyè tó lọ. Ẹ mọ iye tí pupa ń jẹ́. Akọni yìí pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, omi, ni ajẹpupa. Nínú òkun tó mọ́ gaara, pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì. Kí èèyàn tó wọ mítà mélòó kan, pupa ti ń ṣá. Bó bá fi máa di mítà 5, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọ̀ ọsàn a tẹ̀ lé e, yẹ́lò a tẹ̀ lé ìyẹn, búlúù nìkan a wá jókòó bí ọba. Aṣọ ìpò tó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí òfì, ìwọ a fi ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di àkísà dúdú nínú fọ́tò. Odò tiwa kò sì gba àṣà ẹlòmíì. Níbi tí ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà bá ti pọ̀ nínú omi, búlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, gbogbo ohun tó kù a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn tó ṣe ọ rò ó síbi tó dára, wọ́n fi ètò abẹ́ omi sínú rẹ, èyí tí í bu pupa kún fọ́tò kí búlúù òkun má bàa borí. Olówó rẹ tẹ ètò náà létí Òyì, níbi tí kò ti sí búlúù kankan láti bá jà. Pupa gorí pọ́n, pọ́n gorí pupa. Gbogbo odò di epo.

Ajẹpupa-lókun!
Abupupa-lódò!
Kò sí omi tó o wọ̀ tó dá àwọ̀ padà bó ṣe gbà á.

Mo tún gbọ́ òkìkí rẹ nílé ìtura tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ omi mọ́, oòrùn wọlé dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹrẹ̀, kò sí àwáwí. Ayé rò pé ọjọ́ yẹn ni àṣírí yóò tú. Ìwọ ya ẹsẹ̀. O ya itan. O ya ikùn ọ̀gá kan tí kò mọ̀ pé o wà lábẹ́ òun. O ya ìyàwó tó ṣe ojú fún odindi ọjọ́ kan, tó fi gèlè sílẹ̀ lórí àga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú fún afẹ́fẹ́ tó dì sẹ́nu, irun rẹ̀ ń lọ sókè, ojú rẹ̀ ń wá ẹni tó máa yọ ọ́. Ẹ̀rọ tó fi ènìyàn hàn bó ṣe rí nígbà tó ń gbàdúrà, ta ló tún fẹ́ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí á dé ibi mímọ́. Ilẹ̀kùn kékeré wà ní ìhà rẹ, níbi tí bátìrì àti káàdì ń sùn. Rọ́bà tín-ín-rín kan ló yí ẹnu ilẹ̀kùn náà ká. Gbogbo mítà 15, gbogbo àpò ṣìmẹ́ńtì, gbogbo orúkọ ńlá, orí rọ́bà yẹn ni wọ́n dúró lé. Bí irun orí ẹyọ kan bá sùn lé e lórí, ọ̀nà ti là. Bí iyanrìn kan bá jókòó síbẹ̀, omi ti rí ìpè gbà. Omi sì kì í kànkùn. Bí o bá fi mítà 10 relẹ̀, ó ń tì ọ́ pẹ̀lú agbára ìlọ́po méjì èyí tó ń tì ọ́ lókè, bí ọ̀nà bá sì gba abẹ́rẹ́, ó gbà á.

Mo mọ ìdílé kan tí irú èyí bá. Wọ́n gbé ọ jáde, òógùn ti bo ojú rẹ láti inú, o sì ń fọhùn ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ọ́. Wọ́n rì ọ́ mọ́ ìrẹsì. Gbogbo ilé ń rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n yọ ọ́, o kò dáhùn; wọ́n se ìrẹsì náà, ó jinná dáadáa. Wọ́n ka ìwé kékeré inú páálí, wọ́n sì rí i pé ó ti wí tẹ́lẹ̀: olówó ni kó máa nu rọ́bà, olówó ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Rọ́bà ọ̀hún kò sí lọ́jà Kàbà, ní ẹ̀gbẹ́ iṣu, ní ẹ̀gbẹ́ kajú, kò sí. Ẹ gbóríyìn fún un! Ẹni tí omi kì í wọ̀, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí omi bá wọ òun, ọwọ́ yín ló wà, agbẹjọ́rò wo ló gbọ́n tó o?

Omi kì í wọ̀ ọ́, àfi ọjọ́ tó bá wọ̀ ọ́!
Ọjọ́ tó bá wọ̀ ọ́, ẹ̀bi irun ni!
Bí kì í bá ṣe ẹ̀bi irun, ẹ̀bi iyanrìn ni!
Bí kò bá sí irun, tí kò sí iyanrìn, ẹ̀bi olówó ni!
Aláìlẹ́bi láàárín omi, mo kí ọ!

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ kan tún wà tí ogo tiwọn ga ju ìyẹn lọ. Ìran yín kì í léfòó. Okùn ọwọ́ aláwọ̀ ọsàn tó ń léfòó wà lóòótọ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á, ọ̀tọ̀ ni owó rẹ̀, ọ̀pọ̀ olówó rẹ ni kò sì rí ìdí tí wọ́n fi máa ra okùn fún ẹni tó mọ omi tó báyìí. Ọwọ́ yọ̀, ọ̀kan nínú wọn di ìsàlẹ̀ Odò Ọya. Ẹkún sọ. Kí ni wọ́n ń sunkún fún? Níbi tó wà, inú rẹ̀ gbẹ. Káàdì rẹ̀ gbẹ, bátìrì rẹ̀ gbẹ, fọ́tò ìrù ẹja tó wà níbẹ̀ gbẹ. Nínú gbogbo ohun tó ti bọ́ sódò yẹn láti ìgbà Lander, òun nìkan ló mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Ọ̀tá pọ̀ o. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ rẹ dára jù lórí ilẹ̀. Wọ́n ní bí òjò bá ká àgbẹ̀ mọ́ oko, tí fóònù ń sápamọ́ sínú ọ̀rá, ìwọ a dúró nínú òjò ya ebè àti èéhù iṣu, kí gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n ní eruku ọ̀nà kò rí ọ gbé ṣe. Wọ́n ní bí a bá gbé ọ súnmọ́ òdòdó kajú, débi tí kò ku ìka kan láàárín yín, o a ka irun ara kòkòrò tó bà lé e. Wọ́n tún ní nínú omi pàápàá, bí omi bá mọ́, tí oòrùn wà lókè, tí a pa fíláàṣì, tí a sì súnmọ́ ohun tí à ń yà débi tí apá lè kàn án, o ń rí. Ẹ gbọ́ irú ìbanilórúkọjẹ́ yìí! Wọ́n fẹ́ sọ akọni di òṣìṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí olówó rẹ máa wo omi kó tó wọ̀ ọ́. Má dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n ya ẹja aláràbarà sí ara páálí rẹ̀ kì í ya èéhù iṣu.

Nítorí náà, níwájú gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kun, mo já ewé oyè lé ọ lórí. Kì í ṣe oyè ààfin, ààfin ní tirẹ̀. Oyè tí ẹrẹ̀ fi dá ọ lọ́lá ni.

Mo fi ọ́ jẹ Baálẹ̀ Omi Rírú.
Mo fi ọ́ jẹ Olórí Ìrù, Alákòóso Àtàǹpàkò.
Mo fi ọ́ jẹ Agbẹnusọ Ẹrẹ̀ ní Ìpàdé Omi Méjì.
Mo fi ọ́ jẹ Arọ́bà-gbẹ́kẹ̀lé, Ọ̀tá Irun.

Oyè kò sì ní ṣàìní èèwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ óò máa gbé e, ẹ gbọ́. A kì í fi ọwọ́ tutù ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. A kì í fi ọwọ́ oníyanrìn kàn án, bèbè odò kọ́ ni a sì ti ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. A kì í dì í mú bẹ́ sódò láti orí àpáta, nítorí ìgbájú omi nígbà tí a bá balẹ̀ le ju ìjìnlẹ̀ tí wọ́n kọ sí i lára lọ. A kì í ti inú mọ́tò gbígbóná gbé e ju sómi tútù, kí ojú rẹ̀ má bàa kún fún òógùn. Bó bá ti òkun iyọ̀ dé, omi tí kò níyọ̀ ni a fi ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́dọọdún ni rọ́bà rẹ̀ ń jẹ ọdún tuntun. Ẹni tó bá pa gbogbo èèwọ̀ yìí mọ́, kámẹ́rà rẹ̀ yóò pẹ́ láyé, yóò sì rí ẹrẹ̀ dọ́ba.

Ó yá, onílù, gbé ọwọ́ sókè!
Awọ̀dò-má-rẹ́ja, máa wọ̀ ọ́ lọ!
Àtòkè-já-má-fọ́, máa já lọ!
Amú-yìnyín-wọ-Lọ́kọ́ja, má jẹ́ kó tán!

Bó bá tún wọ odò lọ́la, tó tún gbé omi pupa bọ̀, ẹ má ṣe pa fọ́tò náà rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, ẹ fi sínú férémù, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀ níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó wà. Bí àlejò bá dúró, tó yí orí sí ọ̀tún, tó yí i sí òsì, tó béèrè pé kí ni ó wà níbẹ̀, kí bàbá ilé gbéra nílẹ̀, kó tún agbádá ṣe, kó sì dáhùn pẹ̀lú àyà gbangba pé: “Odò Òyì ni. Inú rẹ̀ gan-an la wà.”